Ìkíni Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Òkùnkùn

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Bàbá, olórí agbo ilé ọ̀gá mi, kan ilẹ̀kùn yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlá, tí mo sì dìde lọ ṣí i. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ aago náà nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù mi kí n lè mọ ìgbà tí mo kán oògùn sórí síláìdì, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń lẹ ẹran ara mọ́. Ẹlòmíràn lè má rántí. Èmi máa ń rántí ohunkóhun tó bá dẹ́rù bà mí, ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí pọ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé yàrá náà. Ọ̀gá mi jẹ́ dókítà obìnrin tó máa ń yẹ ẹran ara aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlá ni wọ́n. Nínú agbo ilé bàbá wọn ni wọ́n ti ya yàrá kan sọ́tọ̀. Wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n gbé fíríìjì sí i, wọ́n to bátìrì tó ń gba iná láti ara oòrùn sí igun rẹ̀, wọ́n sì gbé maikirosíkópù kan síbẹ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé kí àwọn obìnrin Ìlá, Ọ̀rà, Ìgbájọ àti Ọ̀tan Ayégbajú tí kókó bá yọ sí lọ́mú lè rí ẹni tó máa yẹ kókó náà wò dáadáa nítòsí ilé. Wọn ò fẹ́ kí ẹran ara èèyàn máa jókòó sínú ike nínú ọkọ̀ èrò títí di Ìbàdàn mọ́. Nígbà tí mo parí àgùnbánirọ̀, èmi ni wọ́n gbà síbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti lóye. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ara wa ní àwọn purotéènì tí a lè fi dá a mọ̀, bí aṣọ ilé-ìwé ṣe ń jẹ́ ká mọ ibi tí ọmọ kan ti ń kàwé. Àwọn nǹkan kan wà tí à ń pè ní áńtíbọ́dì. Purotéènì kan ṣoṣo ni áńtíbọ́dì kọ̀ọ̀kan mọ̀, òun nìkan ló sì máa lẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ṣe é ti so àwọ̀ mọ́ ọn lára, tí a bá sì tan irú iná kan sí i nínú maikirosíkópù, àwọ̀ náà á tàn. Bí mo bá kán áńtíbọ́dì mẹ́ta tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ sórí ẹran ara kan náà, tí a ti gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, màá rí purotéènì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, níbi tí oníkálùkù dúró sí. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Yàtọ̀ sí pé mo mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, mo tún rí ẹni tó dúró ti ẹni. Nínú kókó ọmú, ó máa ń ṣe pàtàkì kí dókítà mọ̀ bóyá àwọn sójà ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àìsàn jà, ti wọ inú kókó náà lọ, tàbí bóyá ìta ni wọ́n ṣì dúró sí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn àwọ̀ yìí kò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ rárá. Oòrùn máa ń mú wọn ṣá bí àǹkárá tí a ń sá síta lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí mo bá ti kán wọn ni yàrá gbọ́dọ̀ ti ṣókùnkùn, àyàfi iná kékeré kan tí mo fi bébà bò. Omi tó wà lórí síláìdì kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ, nítorí náà inú àpótí ike tí mo tẹ́ bébà tútù sí ni mo máa ń tò wọ́n sí, tí màá sì dé e.

Ọ̀gá ti sọ fún mi pé a ò ní fọwọ́ kan ẹran ara obìnrin kankan títí èmi yóò fi fi síláìdì bèlúbèlú kan han àwọn, tí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ lórí rẹ̀. Bèlúbèlú ni wọ́n yàn nítorí pé gbogbo oníṣẹ́ yìí ló mọ ibi tó yẹ kí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Èyí tí a ní, ilé ìwòsàn ló gé e lọ́fun ẹnì kan, ẹni náà sì ti gbà pé kí a lò ó.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni màá wá," ọ̀gá wí lórí fóònù. "Tó bá dáa, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí kò bá dáa, màá gbé ẹ̀rọ yẹn lọ sí Ìbàdàn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fìyà jẹ ọ́ o. Àwọn obìnrin yìí ni mò ń rò."

Mo ní ó yé mi mà. Ó yé mi lóòótọ́, inú mi ò sì bí sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lọ́dọ̀ màmá mi tó jẹ́ tíṣà, tí wọ́n gbé ẹ̀bà fún mi, ńṣe ni mò ń wò ó. Bí ẹ̀rọ bá lọ sí Ìbàdàn, kò sí àyè fún mi lọ́hùn-ún. Mo ní láti padà sí ìdí kíkọ́ àwọn ọmọdé ní lẹ́sìnnì nìyẹn. Kò sí ohun tó burú nínú lẹ́sìnnì. Ó kàn jẹ́ pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo ti rí iṣẹ́ tí mo ń jí lọ ṣe láìjẹ́ pé àyà mi kọ́kọ́ já. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá wà nínú òkùnkùn yẹn pẹ̀lú àwọn síláìdì mi, ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Bàbá tó kan ilẹ̀kùn yìí jẹ́ àbúrò bàbá ọ̀gá mi, àwọn ni wọ́n sì ń ṣe olórí agbo ilé náà báyìí. Kòkó àti obì ni wọ́n ń gbìn tẹ́lẹ̀. Orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ sóko lójoojúmọ́ mọ́. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ, mo kàn ń kọ ọ̀rọ̀ wọn bí gbogbo wa ṣe ń kàwé ni. Ní ilé wọn, èèyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i. Bí àgbàlagbà bá sì kí ọmọ, ọmọ á jáde, á kúnlẹ̀, á sì jẹ́ gbogbo ìkíni náà tán kó tó dìde. Mo ti kán áńtíbọ́dì sórí síláìdì kan, mo fẹ́ kán sórí èkejì, mo gbọ́ ohùn wọn, ẹsẹ̀ mi sì ti dé ẹnu ọ̀nà kí ọpọlọ mi tó dá sí i. Mi ò dé àpótí náà.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Ọmọ mi, o ò jí bí? Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà sà."

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa sà."

"Òkùnkùn wo nìyí? Ṣé iná yín ò ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ sà. Iṣẹ́ yìí ni kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bèlúbèlú ni mò ń yẹ̀ wò."

"Bèlúbèlú ta ni?"

"Ti ẹnì kan sà. Wọ́n ti gé e."

"Ó ṣì ń dùn ún?"

"Rárá sà. Kò sí lọ́fun rẹ̀ mọ́."

"Kò sí lọ́fun rẹ̀ mọ́, kò dùn ún, kí lo wá ń yẹ̀ wò?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá rántí bèlúbèlú tiwọn, bí ó ṣe dà wọ́n láàmú nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, bí wọ́n ṣe ń gbé iṣu mì pẹ̀lú omijé. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Oòrùn gba orí èjìká mi kọjá, ó tàn sórí tábìlì, ó sì wọ inú àpótí mi. Mò ń rí i bí mo bá yí ojú díẹ̀. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ló kọ̀. Mi ò lè sọ fún ẹni tó ju bàbá mi lọ pé kó dákẹ́ kí n lọ dé nǹkan.

Nígbà tí mo wo síláìdì náà nínú maikirosíkópù lọ́sàn-án, àwọ̀ búlúù tó ń fi àárín sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn, tí kì í ṣe ara mẹ́ta yẹn, wà níbẹ̀. Pupa wà. Àwọ̀ ìyeyè ṣe bákan bákan. Àwọ̀ ewé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, bíi nǹkan tí mo lá lálàá. Ní etí síláìdì níbi tí omi ti gbẹ, gbogbo nǹkan ń tàn pọ̀ láìnídìí. Mo pe ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo sì ròyìn bó ṣe lọ. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mí kanlẹ̀.

"Bàbá mi kékeré ni wọ́n. Ta ló máa sọ fún wọn pé kí wọ́n má kí ọmọ? Kì í ṣe èmi o."

"Ṣé kí n máa dákẹ́ tí wọ́n bá ti kí mi mà?"

"Kí wọ́n lè sọ pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni mo kó wá sílé? Wá nǹkan ṣe sí i, ọmọ mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kò yí padà."

Lọ́jọ́ kejì mo kọ ọ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọlé, iṣẹ́ ń lọ. Bàbá dé, mo gbọ́ tí wọ́n ń kà á sókè lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n yọ orí wọlé.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni sà."

"Ọwọ́ rẹ mà dáa o. Ó mọ́ ketekete." Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè màmá mi.

Orí ló yọ mí pé mi ò tíì kán nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò dé inú mi.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín pákó ilẹ̀kùn wọlé. Mo ní ìró kan nínú báàgì mi. Ìta ni ìṣó wà, nítorí náà ìta ni mo fi ìró náà kọ́ sí, ó bo ilẹ̀kùn láti òkè dé ilẹ̀. Mo wọlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹran ara, torí ó yẹ ká kọ́kọ́ sè é nínú omi kan kí áńtíbọ́dì tó lè rí ibi lẹ̀ mọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn. Màá gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀, á dúró, á sì yí padà. Ara tù mí. Ìgbà tó tún yá, ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Ṣé wọ́n ń bínú sí mi ni? Ṣé mo ti ṣẹ ẹnì kan?

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin nínú ọgbà. Ìyàwó ilé kan, alápàárá ni, wá dúró níwájú ìró náà, kò sì fọwọ́ kàn án.

"Ìwọ ọmọ dókítà, Bàbá ní kí n bi ọ́."

"Ẹ máa wí mà."

"Wọ́n ní ṣé ara ń yún ọ ni? Láti àárọ̀ lo ti ń wẹ̀."

Ìgbà náà ló tó yé mi. Balùwẹ̀ agbo ilé náà wà lẹ́yìn ilé, ògiri ló yí i ká, kò ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á ju ìró rẹ̀ sórí ògiri, èèyàn kankan, bó ti wù kó dàgbà tó, kò sì ní sún mọ́ ọn, kò ní kí i, títí ìró á fi kúrò níbẹ̀. Mo ti fi ìró kọ́ ẹnu ọ̀nà dókítà. Gbogbo agbo ilé gbà pé inú yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń wẹ̀, bóyá wọ́n rò pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló fà á, mi ò mọ̀. Ojú tì mí débi pé mo jókòó sílẹ̀. Mo wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo jáde lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n jókòó sí, mo kúnlẹ̀, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: àwọ̀, oòrùn, ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìbàdàn.  Wọ́n ní kí n fi han àwọn. Mo gbé síláìdì tó bàjẹ́ yẹn sínú maikirosíkópù, wọ́n fi ojú kan wò ó, wọ́n di èkejì.

"Èwo ni sójà nínú wọn?"

"Àwọn pupa yẹn sà."

"Wọ́n pọ̀. Ibi tó ṣófo yìí ńkọ́?"

"Àwọ̀ ewé ló yẹ kó wà níbẹ̀ sà. Àwọn sójà mìíràn ni wọ́n, àwọn tó ń rọ nǹkan ìjà. Wọ́n wà níbẹ̀ o, àwọ̀ wọn ló ṣá."

"Ìkíni mi ló pa á?"

"Oòrùn ni sà."

Wọ́n gbójú kúrò, wọ́n wò mí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "O mọ̀ pé mi ò lè kọjá láì kí ọ. Àwọn yòókù náà ò lè ṣe é. Tí a ò bá kí ọ, àjèjì lo dà nìyẹn. Gbé àga mi wá sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ kán an. Gbogbo ẹni tó bá kí ọ, èmi ni màá bá ọ jẹ́ ẹ."

Ọjọ́bọ̀ ni mo kán an. Bàbá jókòó sẹ́yìn ìró mi pẹ̀lú rédíò wọn. Inú òkùnkùn ni mo wà tí mo ń gbọ́.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ọmọ dókítà ńkọ́?"

"Ó ń bẹ nínú ilé, ó ń bá bèlúbèlú wọ̀jà. Sọ tìrẹ, mo ń gbà á."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé ó kú iṣẹ́."

"Ó ní o ṣeun. Ó ní àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ohun tí màá sọ gan-an nìyẹn. Ní tòótọ́, ètè mi ń mì, mo ń dáhùn ní ìdákẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe ń kí mi. Ọwọ́ mi sì dúró ṣinṣin. Mo kán pupa, mo kán ìyeyè. Bí mo ṣe gbé àwọ̀ ewé sókè ni ohùn ìyá arúgbó kan sọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin ni wọ́n.

"Wọ́n ní ọmọ kan wà níbí tí kò fẹ́ kí èèyàn kí òun."

Mo gbọ́ tí àga dún. Bàbá ti dìde láti kí ẹ̀gbọ́n wọn. Mo dá ọwọ́ dúró. Bí ìyá yìí bá fẹ́ wọlé, ta ló máa dá wọn dúró?

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó. Ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ojú oòrùn ò gbọ́dọ̀ rí i."

"Ṣé ìyàwó tuntun ni?"

"Ó jọ ọ́."

"Ó dáa, ẹ bù mí lómi." Àga tún dún. Ìyá ti jókòó. Mo kán àwọ̀ ewé, mo dé àpótí, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ kan tí kò ṣeé fi wé nǹkan kan. Èmi kì í sábà gba ayọ̀ gbọ́. Mo máa ń rò pé ó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi ni. Lọ́jọ́ yẹn mo jẹ́ kó wà.

Nígbà tí mo jáde, Bàbá jíṣẹ́ gbogbo ẹni tó kí mi fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe máa dáhùn. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́ wọn tán.

Ọ̀gá dé ní Àbámẹ́ta, kódà wọn ò tíì mu omi tí wọ́n fi jókòó ti maikirosíkópù. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mò ń pa ìka mi pọ̀. Wọ́n ń yí síláìdì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Wá wò ó," ni wọ́n wá wí.

Mo ti wò ó tẹ́lẹ̀, mo tún wò ó. Àwọ̀ ewé kó ara jọ ní róbótó róbótó bí ebè iṣu nínú oko. Pupa wà láàárín àwọn ebè náà, bí àwọn èèyàn tó ń rìn ní poro. Àwọ̀ ìyeyè sì wà létí, ó yí i ká bí ọgbà, nítorí pé awọ ọ̀fun ló wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó gba ipò ẹnìkejì rẹ̀.

"Ẹ̀rọ yìí kò lọ síbì kankan," ọ̀gá wí.

 Mo kàn ń sọ pé ẹ ṣé mà, ẹ ṣé mà, títí wọ́n fi ní ó tó.

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, wọ́n sọ nǹkan mìíràn. Àyè kan ti ṣí ní Ìbàdàn fún ẹni tí wọ́n máa kọ́ ní iṣẹ́ yìí fún ọdún kan, débi tí ẹni náà á fi lè kó àwọ̀ mẹ́fà tàbí méje pọ̀ sórí síláìdì kan. Wọ́n lè fi orúkọ mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ẹlòmíràn tí wọ́n lè fi sí Ìlá báyìí, nítorí náà bí mo bá lọ, yàrá náà á wà ní títì títí màá fi dé. Bí mo bá dúró, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹran ara àwọn obìnrin láti oṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́ta tí mo mọ̀, wọn á sì fún ẹlòmíràn ní àyè Ìbàdàn. "Èmi ò ní yàn fún ọ," ni wọ́n wí. "Dá mi lóhùn kí oṣù yìí tó parí."

Màmá mi ní kí n lọ, pé ọdún kan kì í pẹ́. Mo mọ̀ pé kì í pẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ yá. Obìnrin kan láti Ọ̀rà ti wá béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá a ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ di àyà rẹ̀ lọ́nà kan tí mi ò lè gbàgbé. Tí mo bá ní kó lọ sí Ìbàdàn, bóyá ó máa lọ, bóyá kò ní lọ. Ní ọwọ́ kejì, bí mo bá dúró tí mi ò mọ̀ ju àwọ̀ mẹ́ta lọ, ṣé kò ní sí nǹkan kan nínú kókó rẹ̀ tí mi ò ní rí? Ẹ̀rù méjèèjì ló ń bà mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn, kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò rí irú ìṣòro yìí rí láyé mi, pé ohun rere méjì ń dúró dè mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rò pé kó kàn? Bí ẹnì kan nínú yín bá ti wà nírú ibi tí mo wà yìí rí, bóyá ẹ lọ kọ́ṣẹ́ sí i tàbí ẹ dúró ti àwọn èèyàn tó ń dúró dè yín, ẹ sọ bó ṣe rí fún mi, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ì bá ṣe lọ́nà mìíràn. Ẹ má kàn ní kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí.